Àyẹ̀wò Abẹ́rẹ́

"Ẹ dijú, sà," nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wí. "Bí abẹ́rẹ́ bá ti gún yín lẹ́sẹ̀, kí ẹ sọ."

Pẹ́ńtà dijú. Ogún ọdún tó ti ń fa òórùn ọ̀dà símú ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì di òkú igi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú àyẹ̀wò yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó bá tẹ́tí sí àga nọ́ọ̀sì. Bí àga bá ti dún, á ní, "Ó gún mi."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ẹ lajú, sà. Mi ò tíì yọ abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rá."

Pẹ́ńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ṣé kí ẹ wá já bọ́ látorí àkàbà ni?" Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Pẹ́ńtà wọ́ ẹsẹ̀ jáde. Àbúrò rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ọ̀dà, ló kàn láti wọlé. Àbúrò náà fà á lápá, ó rọra sọ sí i létí pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún?"