Iná Tí Wẹ́dà Rà fún Ẹ̀fọ́ Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbin nǹkan sínú ilé.

1.
Wẹ́dà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-kọ́-mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára: bó bá jó irin méjì pọ̀, òòlù kò lè yà wọ́n. Àmọ́ bí o bá fẹ́ bá a jà, sọ pé o fẹ́ kọ́ ọ ní nǹkan.

Onídìrí ni ìyàwó rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ewéko gan-an. Nígbà tí onílé da kọnkéré sórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí, ńṣe ló ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àánú ṣe ọkọ rẹ̀. Ó jó pẹpẹ irin kan fún un, ó gbé e sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, ó ní kó máa gbin ẹ̀fọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Fèrèsé yàrá yẹn kọjú sí títì ẹ̀yìn ilé, àmọ́ oòrùn kì í wọ ibẹ̀. Ó wá di dandan kí wọ́n ra iná LED tí wọ́n fi ń tọ́ ewéko nínú ilé.

2.
Obìnrin tó ń ta iná náà kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè: báwo ni pẹpẹ yín ṣe fẹ̀ tó? Ṣé ẹ máa ń fọ́n omi sí ewé? Ó gbé iná kékeré kan jáde. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun bíi ti ojúmọ́, wọ́n sì dé e pinpin kí omi má bàa wọ inú rẹ̀.

"Èyí tó yín, Bàbá."

Má-kọ́-mi kò wò ó. Ojú rẹ̀ wà lára òmíràn tó wà lókè, onírin gbàǹgbà, tó ń tàn bí àlùkò.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ti àwọn tó ń ṣe oko ńlá sínú ilé nìyẹn. Ooru rẹ̀ pọ̀, omi ò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín bá jẹ́ oníhò méjì, ẹ má rà á."

"Ìyá oníná, láti àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń fọwọ́ kó iná. Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi?"

Ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká mú kékeré. Ẹ̀fọ́ lásán ni, kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù."

"Dákẹ́ jàre. Ẹni tó bá ń kọjá ní títì, kó mọ̀ pé ilé wẹ́dà lòun ń wò."

3.
Oníhò méjì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wọn. Má-kọ́-mi mú ayùn irin, ó gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì iná ńlá tó rà. Ó fi ṣéènì so iná rọ̀ sára pẹpẹ, irin lórí irin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò dúró ní títì, wọ́n ń wo fèrèsé wọn. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Inú ewé kò dùn. Iná náà lágbára jù, ó sì sún mọ́ wọn jù. Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń ká kò. Ìyàwó rò pé òùngbẹ ni, ló bá ń fọ́n omi láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Omi ń ta sára iná, ó ń ṣàn sílẹ̀. Láìwọ bàtà ló sì máa ń wọ yàrá yẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó ké sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wá o! Irin yìí ń gé mi jẹ bí èèrà."

Má-kọ́-mi wọlé tòun ti bàtà iṣẹ́ onírọ́bà rẹ̀. Ó gbá pẹpẹ mú. Kò mọ nǹkan kan lára, torí rọ́bà kì í jẹ́ kí iná gba ara èèyàn wọlẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí gan-an ni wàhálà wà. Kò sí wẹ́dà tí iná kì í ta díẹ̀díẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n á gbọnwọ́, wọ́n á fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, iṣẹ́ á tún máa lọ. Ó ti mọ́ wọn lára. Ọkùnrin yìí wá rò pé ohun tí kò pa òun kò lè pa ẹlòmíràn.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ti di wẹ́dà nìyẹn! Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi!"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó ń tún iná ṣe."

"Ojo! Èèrà wo ló ń pa èèyàn?"

4.
Ọ̀sán Sátidé ni. Má-kọ́-mi wà ní pálọ̀ pẹ̀lú àlejò kan, ó ń ròyìn iná rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí agolo omi já lulẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Wọn ò gbọ́ igbe.

Ó sáré wọlé. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ẹsẹ̀ pẹpẹ nínú omi, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára irin. Má-kọ́-mi fa púlọ́ọ̀gì yọ, ó gbé e mọ́ra, ó ń mì ín, ó ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀ tí kò pè rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ara obìnrin náà ṣì gbóná, àmọ́ ẹ̀mí ti lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n olóògbé dé, kò pariwo. Ó jókòó síwájú wẹ́dà.

"Ṣé irin yìí ò ta àbúrò mi rí ni?"

"Ó ta á."

"Kò sọ fún ọ?"

"Ó sọ fún mi, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo fi í rẹ́rìn-ín ni."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó kó aṣọ àbúrò rẹ̀ kúrò lórí okùn, ó jáde. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Ìwọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá fẹ́ ra iná fún ewéko inú ilé, má ra èyí tó ń dán lójú aládùúgbò. Wọn ibi tí o fẹ́ fi í sí. Béèrè bóyá omi lè kàn án. Má gé ohunkóhun kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ bá sì sọ pé irin ń ta òun, ì báà jẹ́ ọmọdé, fa iná yọ kó o tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.