Àmín Màmá Lọ́ìsì

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí Mòradéyọ̀ dá wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú sùtánà rẹ̀, láìwọ bàtà, láti tan àbẹ́là sílẹ̀ de ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ó tàn án tán, ó gbàdúrà ráńpẹ́, ó ní, "Ní orúkọ Jésù, àmín."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnìkan tó dáhùn láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá: "Àààmín."

Orí Mòradéyọ̀ wú. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń pẹ́ báyẹn kó tó ṣàmín: Màmá Lọ́ìsì, arúgbó tí etí rẹ̀ ti di, tí ìjọ sin lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó ké Sáàmù ìṣẹ́gun, ó ké e dópin. Kò sẹ́ni tó ṣàmín sí i. Àwọn ìjókòó ló ń dún, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni pé arúgbó kan ń dì wọ́n mú bọ̀ wá síwájú.

Ó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá nìyí. Ó kúnlẹ̀.

"Olúwa, lálẹ́ òjò yẹn, Màmá wá kan ilẹ̀kùn mi pé kí n wá gbàdúrà fún àwọn, àyà ń dun àwọn. Mo gbọ́. Ẹ̀rù òkùnkùn bà mí, mo ṣe bí ẹni tó ti sùn. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, wọ́n ti jáde láyé. Dárí jì mí. Màmá, ẹ̀yin náà ẹ dárí jì mí."

Bó ti ń sọ ọ́ ni ẹ̀rù ń kúrò lára rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Ní orúkọ Jésù."

Àmín kò pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu méjì ló jọ ṣe é, ìkejì sì wà létí rẹ̀ gan-an.