Ẹni Tó Ti Ilẹ̀kùn

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń pín oògùn fáwọn ilé ìwòsàn kọ̀, wọn ò gba ọ́pídéètì, ìyẹn àtúnṣe tuntun tí àwọn tó ṣe ètò inú wọn fi ránṣẹ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, wọ́n á rìn dé ìdajì, wọ́n á sì dúró gbọnin. Ọ̀rọ̀ kan á wá yọ lójú wọn pé kí èèyàn tún un gbìyànjú.

Bàbá Wáyà gbọ́ tí Màdáámù tó ni ilé-iṣẹ́ náà pariwo látòkè pé, "Kíákíá dà?"

Kò béèrè Bàbá Wáyà. Bẹ́ẹ̀ òun ló fa gbogbo wáyà tó wà nínú ilé náà, láti àjà dé ilẹ̀, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Òun náà ló kọ́ ọmọbìnrin tí Màdáámù ń pè yìí níṣẹ́ nígbà tó dé, tí kò tíì mọ ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Ní báyìí, ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni tó bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ náà ni wọ́n ń pè, torí kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kíákíá. Owú ń jẹ bàbá náà gidigidi. Tó bá ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tíì tó ń mu kì í dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀rín náà kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

Màdáámù ti sọ pé kí oṣù yìí tó parí, òun á yan ọ̀gá yàrá ẹ̀rọ. Bàbá Wáyà àti Kíákíá nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kíákíá jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó pa àwọn kọ̀ǹpútà, ó tún wọn tàn. Ó yẹ aago wọn wò, ó pa ohun tí kò wúlò rẹ́ kí àyè lè gbà wọ́n, ó da èyí tí wọ́n ti gbà dé ìdajì nù. Pàbó ló já sí. Ló bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ jáde, ó so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀. Ìyẹn gba ọ́pídéètì náà láìjanpata.

"Ẹ̀gbọ́n, ara kọ̀ǹpútà kọ́ ni ìṣòro náà wà," ló wí fún Bàbá Wáyà. "Fáyawọ́ọ̀lù ni."

Fáyawọ́ọ̀lù ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn. Ohunkóhun tó bá fẹ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, òun ló ń sọ fún un pé kó wọlé tàbí kó padà.

"Má tíì fọwọ́ kàn án," ni Bàbá Wáyà wí. "Ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Jẹ́ ká ṣí i níṣojú Màdáámù lọ́la. Má ṣèyọnu, àbúrò mi. Ṣé mi ò dúró tì ẹ́ nígbà tí ara ìyá ẹ ò yá?"

"Ẹ dúró tì mí, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo iṣẹ́ mi lẹ bá mi ṣe, bíi pé èmi gan-an ni mo wà níbẹ̀."

Bàbá Wáyà gòkè lọ bá Màdáámù.

"Ẹnì kan ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ́pídéètì yìí," ló wí. "Ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í sì í gbàgbé orúkọ ẹni tó bá wọlé pàṣẹ fún un. Kọ́kọ́rọ́ yín nìkan ló lè ṣí ibi tó ń kọ ọ́ sí. Ẹ bá wa ṣí i níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá da eérú ni kí eérú tọ̀."

"Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn," ni Màdáámù wí. "Ó di àárọ̀ ọ̀la."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, fóònù ò dákẹ́. Ọ́pídéètì náà ti bàjẹ́ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó gbà á ni kọ̀ǹpútà wọn ti kú fin-ín fin-ín. Ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì títì ń fi bírò kọ orúkọ aláìsàn. Kíákíá gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọlé lábẹ́ apá, ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú, kò tàn mọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tiwọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Màdáámù pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹni tó ti ilẹ̀kùn yìí ló kó wa yọ," ló wí. "Òun ni ọ̀gá yàrá ẹ̀rọ láti òní lọ."

"Màdáámù," ni Bàbá Wáyà wí, "ẹ má wulẹ̀ wo ibẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ṣáà ti bá wa ṣe é."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ká wò ó." Ó ti ṣí i. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kíákíá! Mo mọ̀!"

Àtẹ́wọ́ ta. Ọmọ náà ń mi orí.

"Èmi kọ́, Màdáámù. Ọlọ́run gbọ́, èmi kọ́."

"Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀!"

Kíákíá yíjú sí Bàbá Wáyà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ mọ̀ pé èmi kọ́."

Bàbá Wáyà mọ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó fi pásíwọ́ọ̀dù tí ọmọ náà fún un nígbà àìsàn ìyá rẹ̀ wọlé, kó lè jẹ́ pé orúkọ ọmọ náà ni Màdáámù máa kà níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́ bí ẹni tó bàṣẹ́ jẹ́, kó má sì jẹ́ tòun.