Olú Tó Kù Nínú Abọ́ Baba

Omi sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ni olùwádìí láti Ìbàdàn fi ń se olú ní àgbàlá Baba Fáwùmí, l'Ẹ́jìgbò. Baba ń jẹ ọbẹ̀ olú tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ se ọbẹ̀ yìí fúnra yín, Baba?"

"Ta ni ì bá sè é? Mo ti lé Ọ̀ṣúnkẹ́mi ìyàwó mi padà sí Ara, ìlú wọn. Ó jẹ akàn. Èèwọ̀ ilé wa ni. Ẹni tó bá fẹnu kàn án, kíkú ni yóò kú."

Olùwádìí sẹ́ olú náà, ó yan án gbẹ, ó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ohun funfun díẹ̀ ló kù.

"Kí nìyẹn?"

"Ohun tó ń mú ara olú le ni, Baba. Mo fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó. Òun náà ló wà nínú ìkarahun akàn."

"Òun náà gan-an?"

"Kò sí ìyàtọ̀, Baba."

Baba wo abọ́ rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń jẹ olú, orí rẹ̀ sì ti funfun báláú. Ó jẹ ẹyọ tó kù, ó fọwọ́, ó dé fìlà.

"Yá mi ní kẹ̀kẹ́ rẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn," ó ní. "Ṣé ó lè gbé èèyàn méjì bọ̀ láti Ara?"