Iná Tí Tuma Kò Lè Dá

Wọ́n ti di ẹrù tán. Awọ tí wọ́n fi ń ṣe àtíbàbà ti wà lẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Ẹran gbígbẹ díẹ̀ àti omi inú èèpo ẹyin ògòǹgò kan ló kù nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nerge arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè tẹsẹ̀ bọ ọ̀nà, nítorí Tuma, ìyàwó ọmọ Nerge, kò tíì dá iná.

Nerge nìkan ló mọ iná dá ní àgọ́ náà. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dá a jókòó ló ti ń kọ́ Tuma, kò sì fi ojúure kọ́ ọ.

"Ṣé igi lò ń yí ni, àbí ọmọ lò ń fi ọ̀rá pa lára? Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

"Ẹ má bínú, ìyá."

"Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀. Òtútù ni kí o lọ bẹ̀."

Tuma tún fi àtẹ́lẹwọ́ yí igi. Èéfín tín-ínrín rú. Inú Nerge dùn. Tuma bẹ̀rẹ̀ láti fẹ́ ẹ, òógùn iwájú orí rẹ̀ kán sínú koríko gbígbẹ, èéfín sì kú.

Ìkookò hu lápá àríwá. Golu, olórí wọn, wo oòrùn. "Bó bá kan orí òkìtì yanrìn yẹn tí mi ò rí iná, màá dá Tuma padà fún bàbá rẹ̀ tá a bá dé adágún tí à ń lọ."

Dagu, ọkọ Tuma, kọ ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀.

"Golu, jọ̀ọ́, jẹ́ kó tún un ṣe," ni Nerge wí.

Tuma tún un ṣe. Igi ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oòrùn kan òkìtì.

Golu tutọ́ sílẹ̀. "Aláìmọ̀ọ́ṣe! Bí ọwọ́ rẹ ò bá wúlò, kí ẹ̀yìn rẹ wúlò. Pọn ìyá ọkọ rẹ, a ò lè lọ láìsí ẹni tó mọ iná dá."

Tuma pọ̀n ọ́n. Ẹ̀fúùfù tutù ń gbá wọn lójú, àwọn tó kù sì ti ń ṣáájú wọn lọ. Nerge ò dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "O ti sọ ọmọ mi di àpọ́n! Ọ̀lẹ ọmọ!"

Nígbà tí àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì òkìtì, Tuma sọ ìyá ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ó fa igi mìíràn yọ, kò yí i pẹ́ tí iná fi sọ, ó sì yára fi yanrìn bò ó: "Ìyá, ká ní mo dá a níwájú wọn ni, ẹ̀yin ni wọn ì bá fi sílẹ̀ fún ìkookò."