Ọkọ̀ Ìyá Philomène

Atúnkọ̀ṣe ju búrọ́ọ̀ṣì sínú ọkọ̀ ojú omi tó wà láàárín àgbàlá.

"Ìyá, ìta ọkọ̀ la ti ń lẹ̀ ẹ́. Ìta lomi ti ń wọlé."

"Inú ni kí o ti lẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Philomène wí.

Inú bí atúnkọ̀ṣe. Láti etí ọ̀sà ní Kùtọnu ni obìnrin yìí ti ránṣẹ́ pè é wá sí Kétu, níbi tí kò sí odò, pé kó wá tún ògbólógbòó ọkọ̀ tí òyìnbó kan pa tì lọ́dún òmìnira ṣe. Láti àárọ̀ làwọn obìnrin àdúgbò ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Odò dà?" Ìyá yìí tún wá ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Ó fi ìbínú ha inú ọkọ̀ níbi tó ti là, ó tẹ́ aṣọ onífọ́nrán dígí sí i, ó sì da oje tó máa ń le bí òkúta lé e.

"Tó bá rì, ẹ má dárúkọ mi o."

"Kò ní rì."

Ìgbà tí oje náà fi máa gbẹ tán, òjò ti ṣú. Ìyá Philomène àtàwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Omi ń ya bọ̀ láti orí páànù, ó ń kún inú ọkọ̀.

Nígbà tí òjò dá, ọkọ̀ ti kún dẹ́nu. Atúnkọ̀ṣe bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kò jò.

Ìgbà tó máa gbójú sókè, àwọn obìnrin àdúgbò ti tò sí àgbàlá, ìkòkò lórí.

Ìyá Philomène jókòó sétí ọkọ̀, igbá lọ́wọ́.

"Ta ló ń bèèrè odò láàárọ̀?"