Àwọn Tí Ara Wọn Ń Tàn

Gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Bísí á gbé ìkòkò ìrẹsì, á sọdá sí ilé Olúbọ̀dé lọ wo fíìmù. Láyí ọkọ rẹ̀ á dúró lójú fèrèsé, á máa wò ó títí tí géètì á fi pa dé. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ Olúbọ̀dé á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ mọ́.

Ọdún yẹn ni ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà ní Warri gbóná jù. Iná ìjọba ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òfin kónílé-gbélé ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ilé ìwé tí Bísí ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì sì wà ní títì pa. Ládùúgbò wọn lẹ́bàá Enerhen, Olúbọ̀dé nìkan ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó rẹwà lọ́kùnrin, kò sì níyàwó. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, Láyí sì mọ̀ pé ojú ìyàwó òun ò fọ́.

Fíìmù náà, tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, dá lórí àwọn ẹ̀dá kan láti inú ìràwọ̀, tí àwọn èèyàn kó lẹ́rú wá sáyé kí wọ́n máa wa kùsà. Láyí wo apá kìn-ín-ní kí iná tó lọ. Bísí ló wá ń sọ ìyókù fún un.

"Wọ́n ti sá kúrò nínú ihò," ó sọ bẹ́ẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́. "Bàbá kan fi wọ́n pamọ́ sí àjà ilé ẹ̀. Àmọ́ ara wọn máa ń tàn bí wọ́n bá fọhùn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ìmọ́lẹ̀ á jáde lára ẹ̀, àwọn ọ̀gá á sì rí i."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń bára wọn sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n máa ń tẹ ọwọ́ ara wọn ni. Ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, rárá."

Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń sọ ọ́. Ó pẹ́ tí Láyí ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ó sì dùn ún wọra pé ilé ọkùnrin mìíràn ló ti gbé e bọ̀.

Ní Sátidé kẹta, ìró tí Bísí ró wálé kọ́ ló ró jáde.

"Ìró ẹ dà?"

"Omi dà sí i. Mo sá a sílé Bọ̀dá Bọ̀dé."

"Omi wo?"

"Omi náà ni, ọkọ mi," Bísí sọ, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá bá ẹ lọ."

"Ẹ̀yin tẹ́nu yín kì í dúró bẹ́ ẹ bá ti mu ìgò méjì? Ẹ ò ní jẹ́ ká gbádùn fíìmù. Màá sọ ọ́ fún yín bí mo bá dé."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni owú ti ń jẹ Láyí.

Òótọ́ ni pé Láyí máa ń mu ìgò méjì. Bó bá ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní pọ́ọ̀tù bọ̀, ó máa ń dúró lọ́dọ̀ Benjamin àti àwọn ọmọkùnrin tó fi táyà dí oríta. Wọn kì í yọ Yorùbá lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀kì ni Láyí fi kọ YORUBA gàdàgbà sára géètì rẹ̀, Olúbọ̀dé náà kọ tiẹ̀, bí àwọn ọmọkùnrin náà bá sì ti rí i, wọ́n á kọjá lọ.

"Uncle Láyí," Benjamin a máa bi í, "you never see those people wey run comot from the street wey we burn? Big man o, small pikin o, all na enemy."

"I no see anybody," Láyí á dáhùn. Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ní Fúráìdé tó tẹ̀ lé e, ó mẹ́nu ba fíìmù náà fún Ràhímù, tí wọ́n jọ ń gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù.

"Tẹlifíṣọ̀n wo?" Ràhímù bi í. "Ó ti lé lóṣù kan tẹ́rọ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́. Bó o bá tàn án, ariwo ṣáá lo máa gbọ́."

Ràhímù wojú rẹ̀, ó rọra sọ pé, "Bí ò nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

Lọ́jọ́ kejì, ìrẹsì tí Bísí sè pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó di ẹja díndín sínú ọ̀rá lọ́tọ̀.

"Kí ni wọ́n máa ṣe lónìí?" Láyí bi í.

"Òní ló máa parí. Ọkọ̀ ojú omi kan máa gbé wọn sọdá bílẹ̀ bá ti ń ṣú." Ó fọwọ́ kan èjìká ọkọ rẹ̀. "Lẹ́yìn òní, mi ò ní lọ mọ́."

Láyí dúró títí jẹnẹrétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú, lẹ́yìn náà ló gba oríta lọ.

"Benjamin, abeg follow me. My wife dey inside Bọ̀dé house. I wan catch them."

"Uncle, na Yoruba house be that. We no dey enter. Una hand no dey this matter."

"Me nko, no be Yoruba I be? Na me say make una enter."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́fà nínú wọn dìde, wọ́n mú àdá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin tó ohun tí èèyàn ń wò. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Láyí fúnra rẹ̀ fi apá ẹ̀wù nu ohun tí Olúbọ̀dé kọ sára géètì kúrò. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ṣáájú wọn gba ẹ̀yìn ilé, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá tó wà ní kọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ẹlẹ́rìí wà.

"Bísí! Ìwọ àtàlè ẹ, ẹ jáde!" ó kígbe, ó sì fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn náà ṣí.

Olúbọ̀dé ti lọ síbi ọkọ̀ ojú omi, tẹlifíṣọ̀n ò tanná, Bísí sì jókòó sílẹ̀ láàrin ọmọ mọ́kànlá láti kíláàsì rẹ̀, àwọn ọmọ tó sá kúrò ládùúgbò tí Benjamin dáná sun, tí wọ́n gbójú sókè wo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà láìfọhùn.